Orúkọ Kẹtàlélógójì

Fóònù méjì ló wà lórí kàńtà àgọ́ ọlọ́pàá Bantama, ní Kùmásí, ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ojú ewé kan náà ló ṣí sílẹ̀ lójú àwọn méjèèjì: orúkọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Sunyani, òǹtẹ̀ rẹ̀ aláwọ̀ ewé, àti ọgọ́fà obìnrin tí wọ́n gbà wọlé lọ́dún náà, tí wọ́n to orúkọ wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lójú fóònù àkọ́kọ́, Abrafi Sekyerewaa ni nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì. Lójú èkejì, Akosua Tweneboaa ni nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì. Gbogbo ìyókù bára wọn mu.

Sájẹ́ǹtì tó wà nídìí kàńtà ti rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ó ní fóònù tí ojú rẹ̀ bá ti sán kì í ríran dáadáa, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe. Abrafi, tó ni fóònù tó sán náà, kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Nyarkoa, ló ń bá sájẹ́ǹtì fà á.

Ọ̀rọ̀ Nyarkoa kò lọ́jú pọ̀. Òun àti Abrafi jọ lọ ṣe ìdánwò ní Sunyani ni. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, nílé rẹ̀ ní Tafo, ó rí orúkọ ara rẹ̀ ní nọ́ńbà kọkànléláàádọ́rin, ó sì rí ti Abrafi lókè rẹ̀. Ní Ọjọ́rú ó wá sí Bantama kí wọ́n jọ lọ ra aṣọ iléèwé, ó bá Abrafi lórí ẹní, ó kọjú sí ògiri, kò jẹun láti Ọjọ́ Àìkú. Abrafi rò pé ó wá fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n jà kí wọ́n tó gbé fóònù méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta mi nìyí," Abrafi sọ, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wo ojú ewé yẹn tí n kò rí ara mi níbẹ̀. Mo ti gbà pé ọpọlọ mi ni kò dára."

Iléèwé náà kì í gba ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínlógójì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde sì gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibẹ̀ pẹ̀lú ojúlówó ìwé ẹ̀rí kí aago mẹ́rin Ọjọ́ Ẹtì tó lù. Bí kò bá dé, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì náà sì ni ọ̀la.

Ibẹ̀ ni Insipẹ́kítọ̀ Asamani bá wọn. Ọkùnrin kúkúrú ni, aláìlẹ́rìn-ín, kì í gbàgbé ohun tí wọ́n bá ṣe fún un. Ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, ọ̀gá kan fi ìwé ìgbéga rẹ̀ pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ fún oṣù méje. Ọ̀gá náà ti bẹ̀bẹ̀, ó tilẹ̀ ti gbé ewúrẹ́ wá, ṣùgbọ́n títí di òní, bí wọ́n bá pàdé, ògiri ni Asamani máa ń wò. Ó gbé fóònù méjèèjì, ó ka orúkọ ọgọ́fà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bi sájẹ́ǹtì pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín.

Wọ́n jọ lọ sílé náà. Ilé olójú àgbàlá ni, yàrá mẹ́jọ tó yí àgbàlá po, àgbà tí wọ́n ń pè ní Opanyin Brenya ló ni ín. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá náà fi ṣiṣẹ́ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Kùmásí, òun ló ń tẹ iṣẹ́ tí wọ́n ń fi wáyà rán láti ìlú dé ìlú, kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àìsàn kan mú apá ọ̀tún ìyàwó rẹ̀, Maame Konadu, ó dá a dùbúlẹ̀. Abrafi kò ní ìyá, kò ní bàbá. Brenya fún un ní yàrá lọ́fẹ̀ẹ́, Abrafi sì ń wẹ Konadu, ó ń yí i lórí ibùsùn kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà jẹrà, ó ń fún un ní koko, ìyẹn ògì gbígbóná, mu láàárọ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń yin Brenya pé ó gba ọmọ òrukàn sílé.

Ọyẹ́ ọdún yẹn le. Eruku wà lórí ìkòkò, lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, lórí aṣọ tí wọ́n sá. Asamani dúró láàárín àgbàlá, ó ní kí Abrafi ṣí ojú ewé náà bó ṣe máa ń ṣe é, pẹ̀lú íńtánẹ́ẹ̀tì tí ilé ń pín fún gbogbo ayálégbé. Akosua Tweneboaa ló jáde. Ó ní kó pa íńtánẹ́ẹ̀tì ilé, kó lo ti fóònù Nyarkoa. Abrafi Sekyerewaa jáde. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ibì kan náà ni wọ́n dúró sí, fóònù kan náà.

"Kò sí nǹkan tó ṣe fóònù yìí," Asamani sọ. "Ilé yìí ló ń parọ́."

Ó béèrè ẹni tó so íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ ilé. Wọ́n ní Tíṣà Boadi ni, ayálégbé tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Sájẹ́ǹtì lọ mú un wá láti iléèwé, ẹfun sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ tó wà lórí ìṣó níta, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú ilé lè mú, ó ṣí iyàrá tóóró kan tó fara ti ògiri yàrá Maame Konadu. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà níbẹ̀ lórí tábìlì. Wáyà kan wọ inú rẹ̀ láti òpó ìta, òmíràn jáde nínú rẹ̀ lọ sínú ilé.

Inú Boadi dùn láti ṣàlàyé. Ó ní dátà tí wọ́n ń rà kì í tó gbogbo ilé, nítorí náà òun jẹ́ kí kọ̀ǹpútà náà dúró lẹ́nu ọ̀nà bí aṣọ́nà. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá béèrè lórí ayélujára, ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ni ìbéèrè náà kọ́kọ́ ń dé. Kọ̀ǹpútà á lọ bá a mú un wá, á sì fi ẹ̀dà kan pamọ́, kó lè jẹ́ pé bí ẹlòmíràn bá béèrè ohun kan náà, ẹ̀dà yẹn ni yóò fún un, dátà kò sì ní lọ.

"Ohun tó dùn jù níbẹ̀, ọ̀gá, ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀," ó sọ. "Wọn ò ní tẹ nǹkan kan lórí fóònù wọn. Wọ́n rò pé ayélujára gan-an làwọn ń bá sọ̀rọ̀. Aṣojú tí a kò rí la máa ń pè é."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ ń rí wọn?"

Boadi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kọ̀ǹpútà náà ń kọ gbogbo ibi tí kálukú lọ sílẹ̀, pé nígbà mìíràn tí ilẹ̀ bá tutù, òun a máa kà á fi ṣeré. Òun mọ ẹni tó ń wá oògùn jẹ̀díjẹ̀dí nínú ilé yìí, òun mọ ìyàwó tó ń bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ ní Kánádà. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Asamani ronú nípa àwọn ènìyàn wọ̀nyí tí wọ́n ń kí Tíṣà lójoojúmọ́, tí wọ́n ń bù fún un nínú ọbẹ̀ wọn.

"Ìgbà tí a bá parí tèyí," ó sọ fún un, "èmi àti ìwọ ṣì máa jókòó."

Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu Boadi. Nígbà tí wọ́n fi fóònù méjèèjì hàn án, ó jókòó lórí àga láì tí ì gbọn eruku rẹ̀ nù. Ó ní ó ṣeé ṣe. Àwọn ojú ewé tó ní àmì àgádágodo lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì wọn dà bí lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ pa, bí aṣojú bá fọwọ́ kàn án, fóònù á ké. Ṣùgbọ́n ti iléèwé Sunyani yìí kò ní àgádágodo. Gbangba ló ń kọjá, ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà lè yí i padà. Ó tẹ kọ̀ǹpútà náà fún ìgbà díẹ̀, ó wá na ìka sí ìlà kan. Ẹnì kan ti pàṣẹ fún aṣojú náà pé ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ojú ewé Sunyani, kó má lọ mú un wá, kó fún un ní ayédèrú tó wà nípamọ́. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fi àṣẹ náà sí i, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá láàárọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni ayédèrú ti èṣín àti ti ìdúnta wà, Ọjọ́ Àìkú láàárọ̀ ni àwọn náà. Lọ́dún kọ̀ọ̀kan, orúkọ Abrafi ni wọ́n yọ. Nítorí pé nọ́ńbà kò gbọ́dọ̀ fò, wọ́n fi orúkọ mìíràn dí àyè rẹ̀: Yaa Pinamang lọ́dún àkọ́kọ́, Ama Birago lọ́dún kejì, Akosua Tweneboaa lọ́dún yìí.

Abrafi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni iléèwé ti gba òun wọlé. Ó fọwọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú.

Sájẹ́ǹtì ti yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ fún Boadi. Tíṣà ní láago mẹ́wàá Ọjọ́ Àìkú, iwájú ẹgbẹ́ akọrin Mẹ́tọ́díìsì lòun wà, òun lòun ń darí wọn, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn ló rí òun. Ó tún ní láti ọdún méjì òun kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà yìí mọ́, nínú yàrá òun lòun ti ń ka àkọsílẹ̀ rẹ̀. Asamani ní kí sájẹ́ǹtì dá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ padà. Nǹkan kan ti fa ojú rẹ̀ mọ́ra. Eruku ọyẹ́ bo tábìlì náà, ó bo orí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n àwọn bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tẹ̀wé mọ́ tónítóní, wọ́n tilẹ̀ ń dán. Ó fi ìka kan án. Ó lẹ̀ díẹ̀. Ó gbé ìka sí imú, ìpara kan ni, irú èyí tí àwọn àgbà fi ń ra oríkèé, tó máa ń ta sánsán sí ojú.

Ìwé ọmọ iléèwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Boadi ní òun lòun kọ ọ́, òun fi gbogbo bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún aṣojú náà sínú rẹ̀, kí ilé má baà há bí òun bá rìnrìn àjò. Asamani gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ láì ṣí i. Ìwé náà fúnra rẹ̀ là sí ojú ewé kan: bí a ṣe ń fi ojú ewé kan rọ́pò òmíràn. Igun ewé náà ti yí sí àwọ̀ epo.

Ó bi wọ́n pé ta tún ni ó mọ nǹkan nípa ẹ̀rọ nínú ilé. Gbogbo wọn dárúkọ Gyebi, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n Brenya obìnrin bí, tó ń tún fóònù ṣe ní iwájú ilé. Gyebi kò dìde nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Háà, ọ̀gá, orúkọ ni ẹ ń wá kiri báyìí?" ó sọ. "Fóònù mẹ́fà tí wọ́n jí ní ṣọ́ọ̀bù mi lóṣù tó kọjá, ṣé ẹ ti rí ìyẹn?"

Asamani ní kó na ọwọ́ wá. Ó gbọ́ òórùn òjé gbígbóná níbẹ̀, kò gbọ́ òórùn ìpara. Gyebi fi fọ́tò hàn án: láti Ọjọ́ Ẹtì dé alẹ́ Ọjọ́ Àìkú, Ejisu ló wà, ó lọ sin ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó sì dúró ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wà nínú fọ́tò náà ní aṣọ dúdú àti funfun, aago sì wà lórí ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Kí Asamani tó lọ, Gyebi rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n má da Wofa òun, àbúrò ìyá òun, láàmú, pé kò sí ẹni tó dà bí i rẹ̀ ní Bantama.

Brenya gbà wọ́n sí pálọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó gbé omi wá fún wọn kó tó béèrè ohun tí wọ́n bá wá. Asamani mu omi náà. Àgbàlagbà tó gbayì ni, irun rẹ̀ funfun, ohùn rẹ̀ tútù. Fọ́tò àwọn obìnrin mẹ́ta tó ti kú ló wà lórí ògiri, lábẹ́ kálukú wọn ni ìwé ìkéde ìsìnkú tó ti pọ́n. Kàlẹ́ńdà ìjọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n fi yíǹkì pupa yí gbogbo Ọjọ́ Àbámẹ́ta po. Asamani jókòó pẹ́ níwájú ògiri yẹn.

Bàbá náà káàánú Abrafi. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ dun òun dé egungun. Òun kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, iná rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú nìkan lòun ń rí. Ní ti Ọjọ́ Àìkú láàárọ̀, gbogbo ilé ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Gbogbo yín, Bàbá?"

"Gbogbo wa. Ta ló máa jókòó sílé lọ́jọ́ Olúwa?"

Asamani béèrè ìwé ẹ̀rí Abrafi, nítorí Abrafi ti sọ pé Bàbá ló ń bá òun tọ́jú wọn kí eku má baà jẹ wọ́n. Brenya tọ́ka sí àpótí irin kan lábẹ́ àga. Ó mirí. Àbúrò òun ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ sí Obuasi láìmọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa dé. Bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń fi àtàǹpàkò ra oríkèé ìka rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Asamani dìde, ó ní òun fẹ́ kí Maame. Konadu dùbúlẹ̀ sínú yàrá tó mọ́, ó ń wo òrùlé. Ìdajì ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé ènìyàn. Asamani bi í pé ta ló wà nílé lọ́jọ́ Àìkú.

"Bí mo bá sọ ọ́," Konadu ní, "ta ni yóò máa yí mi padà lóru?"

Ogún ọdún ni Asamani ti fi ń bi ènìyàn ní ìbéèrè, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ojú tì í pé ó béèrè. Ó kí i, ó jáde.

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ó pe gbogbo wọn jọ sí pálọ̀: Boadi, Gyebi, Nyarkoa, Abrafi àti bàbá onílé. Ó ní kí wọ́n fi ilẹ̀kùn yàrá Maame sílẹ̀ ní ṣíṣí. Brenya tún gbé omi wá. Lọ́tẹ̀ yìí, Asamani gbé ife náà sílẹ̀ lórí tábìlì, kò mu ún. Gbogbo wọn rí i.

Ó ní òun kọ́kọ́ bi ara òun pé ta ló mọ̀ ọ́n ṣe. Boadi mọ̀ ọ́n, Gyebi sì lè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n níwájú gbogbo ìjọ ni àwọn méjèèjì wà láago mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni òun wá rántí pé ẹni tó bá mọ̀wé kà lè ṣe é, nítorí Tíṣà ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ka ìwé yẹn, ó kà á lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ń fi ìpara pa ọwọ́.

"Ìpara wà ní gbogbo ilé," Brenya sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká sọ ti Ọjọ́ Àìkú." Asamani na ọwọ́ sí kàlẹ́ńdà. "Bàbá, gbogbo ilé yìí ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, àfi ẹ̀yin. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìjọ tiyín. Ìyẹn ni ẹ ṣe fi yíǹkì pupa yí i po. Gbogbo Kùmásí ló máa ń sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì làwọn wà lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀yin náà kàn bá wọn sọ ọ́. Ká ní ẹ sọ pé ọ̀dọ̀ Maame lẹ wà, n kò bá ti mọ ohun tí mo máa sọ."

Brenya ní àgbà ti dé, ọjọ́ ti ń dàrú mọ́ òun lójú.

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó yọ orúkọ Abrafi ní láti wá orúkọ dí i. Ó jókòó níwájú ẹ̀rọ, ó ń wá orúkọ obìnrin. Ènìyàn kì í dá orúkọ sílẹ̀ látinú afẹ́fẹ́, èyí tó bá wà lórí ahọ́n rẹ̀ ló máa tẹ̀." Ó dìde, ó dúró síwájú àwọn fọ́tò. Ó ka ìwé ìkéde ìsìnkú abẹ́ wọn sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan. "Yaa Pinamang, àǹtí Opanyin Brenya. Ama Birago, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Akosua Tweneboaa, ìyá tó bí i lọ́mọ."

Gyebi, tí Ama Birago bí, gbé ojú sókè wo ògiri náà bí ẹni pé kò rí i rí.

"Wofa," ó sọ. "Orúkọ ìyá mi?"

"Gbogbo ẹni tó bá wọ pálọ̀ yìí ló lè ka ìwé ara ògiri," Brenya dáhùn. Ohùn rẹ̀ ti le. "Ta ló rí mi níbi ẹ̀rọ náà? Ẹ pè é jáde. Ta ló rí mi?"

Ẹlẹ́rìí tó fojú rí i ni Asamani kò ní lọ́wọ́. Ìgbà náà ni ohùn kan ti inú yàrá wá, ó ń wọ́ bí ẹsẹ̀ arọ.

"N kò rí i. Mo gbọ́ ọ."

Abrafi dìde, ó wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Konadu di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì tó kù fún un.

"Ẹ̀yìn ògiri yìí ló wà," Konadu ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. "Láti ìgbà tí ẹ ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tík, tík, tík. Bó ṣe máa ń tẹ wáyà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin nígbà tí mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Mo mọ bí ọkọ mi ṣe ń tẹ nǹkan. Lọ́dún tó kọjá náà, mo gbọ́ ọ. Abrafi sì padà dé, ó wo fóònù, ó ń sunkún bó ṣe ń wẹ̀ mí. N kò fi méjèèjì pọ̀ títí di òní."

Brenya wo ilẹ̀. Nígbà tó gbé ojú sókè, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, ìbínú ló wà níbẹ̀, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

"Kí ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀?" ó ní. "Mo fún un ní yàrá. Mo fún un ní oúnjẹ. N kò fọwọ́ kàn án rí. Ìyàwó mi kò fẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn. Tó bá lọ sí Sunyani, ta ni ẹ fẹ́ kó máa wẹ̀ ẹ́, kó máa kó ìgbẹ́ rẹ̀? Èmi?"

"Ìwọ," Asamani dáhùn.

Ó ti rí apànìyàn, ó ti rí olè tó ń jí nínú ilé òkú, ṣùgbọ́n kò tí ì rí irú èyí rí. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi iṣẹ́ àwọn ènìyàn sí ọkùnrin yìí lọ́wọ́, pé kó bá wọn rán an dé ibi tó ń lọ. Ó wá di arúgbó tán, ó jókòó sẹ́yìn ògiri, ó ń fi orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú dí ọ̀nà ọmọ òrukàn. Ó sì máa ń jáde lọ bá a lẹ́yìn náà, á fi ọwọ́ tó ń rùn ìpara yẹn gbá a lẹ́yìn, á ní kó má sunkún mọ́, pé ọdún tó ń bọ̀ á sàn.

"Kọ́kọ́rọ́ àpótí," Asamani sọ.

"Mo ti sọ fún ọ pé Obuasi—"

"Gbé aṣọ rẹ sókè níbàdí."

Brenya kò gbé e. Gyebi ló rìn lọ bá a, ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa okùn kan jáde ní ìbàdí àbúrò ìyá rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kékeré kan so mọ́ ọn. Ó ṣí àpótí náà. Ìwé ẹ̀rí Abrafi wà lókè pátápátá, nínú ọ̀rá. Gyebi kó wọn fún Nyarkoa, kò fún Abrafi. Bóyá ojú ń tì í láti wò ó.

Sájẹ́ǹtì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọwọ́ Brenya. Wọ́n ti ń lọ sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí Konadu tún pè.

"Ẹ dúró. N kò tí ì wẹ̀ lónìí."

Abrafi ti ń na ọwọ́ sí báàkẹ́tì, bó ṣe ti mọ́ ọn lára. Konadu kò jẹ́ kó gbé e.

"Ìwọ kọ́. Lọ di ẹrù rẹ." Ó yí ojú sí ilẹ̀kùn. "Brenya, gbé omi wá."

Asamani mirí sí sájẹ́ǹtì, sájẹ́ǹtì sì tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà. Brenya gbé báàkẹ́tì, ó rìn kọjá ní àgbàlá lọ sí ẹnu ẹ̀rọ omi, níṣojú gbogbo ayálégbé tí wọ́n ti jáde wá dúró, kò sí ẹni tó kí i. Nígbà tó padà wọlé, ìdajì omi náà ti dà sí i lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn Konadu tó ń kọ́ ọ, ibi tó máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, bó ṣe máa gbé èjìká, pé kó fọ ìpara ọwọ́ rẹ̀ ná. Asamani dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, títí Brenya fi parí, kí sájẹ́ǹtì tó mú un lọ sí àgọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Gyebi gbéra lọ sí Mampong láti sọ fún àwọn ẹbí ìyá Konadu pé kí wọ́n wá mú ènìyàn wọn. Boadi ní tirẹ̀ tú wáyà kọ̀ǹpútà náà níwájú ọlọ́pàá, àwọn ayálégbé sì ń wò ó bí ẹni tó ń wo ìgbẹ́ ajá ní ẹnu ọ̀nà.

Ní aago kan ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, Abrafi dé iwájú akọ̀wé iléèwé ní Sunyani, eruku ọ̀nà ṣì wà lórí irun rẹ̀. Nyarkoa wà lẹ́yìn rẹ̀. Akọ̀wé náà yẹ ìwé ẹ̀rí wò, ó gbé ìka lé orúkọ àkọ́kọ́ lórí ìwé gígùn kan, ó ń fà á bọ̀ sísàlẹ̀. Ìka náà dúró ní nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì.

"Abrafi Sekyerewaa. Ìwọ ni?"

"Èmi ni."

Akọ̀wé fa ìlà sí i. Ó ní àwọn yòókù ti ń wá láti Ọjọ́ Ajé, pé kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Ọdún mẹ́ta ni," Abrafi dáhùn, ó sì mú gègé láti fọwọ́ sí i.